AṢỌ TÍ Ń GBÉ BÉBÀ RÌN

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi wá léèrè irú iṣẹ́ tí a ṣe kí a tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìdáhùn wa kì í gùn: “Iṣẹ́ kọ́ḿpìnì ni.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ ìdáhùn kúkúrú yẹn tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú síta. Lónìí a fẹ́ sọ ọ́. A ó sì ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé aṣọ kan fún yín, nítorí aṣọ náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Ọdún 1993 ni a dé Agége, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wa tí ń gbé nítòsí Pen Cinema. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ sí ìhà Ògbà láràárọ̀, nítorí kò sí owó dáńfó. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ṣáájú òmìnira ni ilé iṣẹ́ ti ń tàn kálẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Tiwa ń ṣe bébà líle tí wọ́n fi ń ṣe páálí. Kásúà ni wá. Iye ọjọ́ tí a bá ṣe ni wọ́n ń san.

Páálí àlòkù tí wọ́n ń ṣà kiri ọjà ni wọ́n ń dà sínú agbada ńlá kan. Omi á rẹ ẹ́, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ títí yóò fi dà bí ògì. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí á rò pé ògì náà ki. Rárá o! Nínú 100 korobá rẹ̀, bí 99 ni omi. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì ni ẹ̀rọ náà ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, àmọ́ asẹ́ tirẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí. Ó ń yí po lórí àwọn róólà tọ̀sán-tòru.

Wáyà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe aṣọ àkọ́kọ́ yìí. Láyé àtijọ́, wáyà gidi ni wọ́n fi ń hun ún, láti ìgbà tí Louis-Nicolas Robert, ará Faransé, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1799. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín ni wọ́n fi ń hun ún nísinsìnyí, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Nígbà tí bébà bá fi máa kúrò lórí wáyà, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ṣì jẹ́ omi. Aṣọ kejì, tí à ń pè ní fẹ́ẹ̀tì, tó nípọn bí búláńkẹ́ẹ̀tì, á gbé e gba àárín àwọn róólà tí ń fún omi jáde. Aṣọ kẹta á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àwọn ìlù irin gbígbóná. Omi tí fẹ́ẹ̀tì kò bá fún jáde, iná ni yóò lé e, epo tí ń dá iná náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Aṣọ tí ń yí po báyìí kì í fẹ́ dúró sójú kan. Á fà sọ́tùn-ún, á fà sósì. Nítorí náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ irin kékeré kan sí etí rẹ̀. Bí etí aṣọ bá tì í, róólà kan á yí díẹ̀, aṣọ á sì padà sáàyè rẹ̀. Páìpù kan tún wà tí ń fi omi líle fọ wáyà nígbà gbogbo. Ihò páìpù náà kéré púpọ̀. Bí ó bá dí, ẹ̀gbin á lẹ̀ mọ́ róólà, aṣọ á sì ṣìnà kọjá ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè dá padà. Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa tú ihò wọ̀nyí, kí ojú wa sì má kúrò lára etí wáyà.

Bàbá kan tó jẹ́ ará Ìsẹ́yìn ni ọ̀gá wa lóru. Inú ilé ahunṣọ ni wọ́n bí i sí. Bí wáyà tuntun bá dé, yóò máa fi ọwọ́ pa á, á ní, “Híhun ni híhun ń jẹ́, kìkì pé tòyìnbó yìí kò ṣeé ró.” Aṣọ òkè tí bàbá ń hun nílé kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ ẹ̀rọ bébà lè fẹ̀ ju mítà 10 lọ. Ojú ìsopọ̀ ló máa ń yà á lẹ́nu jù. Wọ́n á tú òwú orí àti ti ìdí, wọ́n á tún wọn hun wọ ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, débi tí ìka kò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Òkè òkun ni tiwa ti ń wá. Láti ìgbà tí SAP ti dé ní 1986 ni náírà ti ń rẹlẹ̀, tí ohun tí a ń fi dọ́là rà sì ń kọjá agbára. Àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ pàápàá, Jẹ́bbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969 àti Oku Iboku tí wọ́n ṣí ní 1986, kò bọ́ lọ́wọ́ ìyà ohun èlò òkèèrè. Ẹ lè wá mọ ohun tí wáyà kan jẹ́ fún kọ́ḿpìnì kékeré bíi tiwa.

Oṣù kẹjọ 1994 ni, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa kò rí ọkọ̀ wọ̀, ni a bá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lé ti òru. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, a jókòó lórí òkìtì páálí, a sì sùn lọ. Ariwo ló jí wa. Wáyà ti rún jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ya láti etí dé àárín. Bàbá ń sáré bọ̀ láti ìdí bọ́ílà, òun ló pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí máníjà dé láàárọ̀, ó ní ta ló wà níbẹ̀? Bàbá ní, “Èmi ni mo ni iṣẹ́ òru, sà.” Kò sí ẹni tó bi wá léèrè. A dúró níbẹ̀, a mú korobá lọ́wọ́, a kò sì lanu. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fún bàbá ní ìwé kó-máa-lọ, lẹ́yìn ọdún 11. Wọ́n lé gbogbo kásúà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wáyà tuntun dé, wọ́n ránṣẹ́ pè wá padà. Owó tí a rí lẹ́yìn ìyẹn ni a fi ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà.

A kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n gbé ìjọ lé wa lọ́wọ́, a ń wàásù nípa òtítọ́. Ọdún 2001 la tó lọ sí Ìsẹ́yìn. (Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé nígbà náà; ibi ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń lò ó fún.) A bá bàbá lábẹ́ ọgbà òfì, a dọ̀bálẹ̀, a sọ gbogbo rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, títí a fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ní, “Mo rí ọ lóru ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo fi páálí bò ọ́, òtútù ń mú ọ. Mo ní kí n bá ọ wò ó díẹ̀, ni wọ́n bá pè mí sí bọ́ílà.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Èyí ọkùnrin nínú àwọn ọmọ mi kò parí ilé ìwé. Ìyẹn ló dùn mí.”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A mú àpò ìwé tí a kó owó sí jáde, a fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó gbà á, ó ka owó náà lójú wa, ó fi í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó ní òwú kan ti já lọ́hùn-ún, kí a bá òun di orí rẹ̀ mú.