Ẹ Má Fi Ojú Ra Láptọ́ọ̀pù Fún Ọmọ Ayàwòrán-Ilé

Láyé ìgbà tiwa, T-square kan, set square méjì, pẹ́ẹ̀nì Rotring, tracing paper àti bíléèdì tá a fi ń họ yíǹkì kúrò nígbà tí ọwọ́ bá ṣì, ẹrù ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ayàwòrán-ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Pákó ìyàwòrán ńlá wà ní yàrá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ní àwọn ọdún 1960, orí irú pákó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti yà á, ó sì ń wuni wò títí dòní. AutoCAD, sọ́fítíwia ìyàwòrán, wá jáde lọ́dún 1982, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé díẹ̀díẹ̀. N ò ní ká padà sídìí rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹrù tí ilé-ẹ̀kọ́ ń bá wa rù ti di ti òbí, òbí ọ̀hún sì ń fi ojú ra ohun tó yẹ kó fi làákàyè rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù náà fẹ́ ṣe. Revit, sọ́fítíwia tí àwọn ọmọ ń lò, kì í kàn fa ìlà. Ó mọ ògiri ní ògiri, ó mọ fèrèsé ní fèrèsé. Bí ọmọ bá sún fèrèsé kan, gbogbo àwòrán tí fèrèsé yẹn ti hàn ni yóò yí padà lẹ́sẹ̀ kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò yìí, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì ni, ìdí nìyẹn tí processor tó yára fi wúlò ju èyí tó kàn ní core rẹpẹtẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé bá parí, tí ọmọ fẹ́ kí oòrùn ràn sí i, kí igi wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí èèyàn máa kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní render, Lumion tàbí Enscape ló kàn, graphics card sì ni àwọn yẹn ń gbé iṣẹ́ lé lórí. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

"Bàbá, Core i7 ni o!" Bí ẹ bá ti wọ Computer Village ní Ìkẹjà, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ń tajà náà ò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀. Core i7-8550U ní core mẹ́rin, wáàtì 15 ni wọ́n ṣe é fún. Core i7-8750H ní mẹ́fà, wáàtì 45 ni tirẹ̀. i7 ni méjèèjì, ìran kẹjọ ni méjèèjì, síbẹ̀ ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ṣe render, yóò sùn, yóò jí. Àwọn tínrín tí ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn náà ní tiwọn: ooru ò ríbi gbà jáde, ẹ̀rọ á sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó má bàa jóná.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ẹ ò ní lè pààrọ̀ lọ́la ni kí ẹ kó owó lé lónìí. Ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ò ṣeé dín kù. Ọ̀dà àti síìlìn lè dúró de owó oṣù. Processor àti graphics card, wọ́n fi òjé lẹ̀ wọ́n mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ ni. RAM àti SSD ṣeé fi kún. 16GB tó láti bẹ̀rẹ̀, kí ó di 32GB bí iṣẹ́ bá wúwo sí i. Àmọ́ ẹ béèrè o, torí àwọn kan wà tí RAM wọn náà lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Graphics card tó ní mẹ́mórì tirẹ̀ ni kí ẹ wá, 6GB ó kéré tán: RTX 3060 ti láptọ́ọ̀pù ní 6GB, RTX 4060 ní 8GB. Èyí tó ń yá mẹ́mórì lò lára RAM, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà.

Ní ti Mac, ó lẹ́wà lóòótọ́, SketchUp àti ArchiCAD àwọn ará Hungary sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Revit fún un. Bí Revit bá ni ẹ̀ka ọmọ yín ń lò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́? N ò kọ̀ ọ́. Dell Precision, HP ZBook àti ThinkPad P tí àwọn iléeṣẹ́ ìlú òyìnbó ti lò fún ọdún bíi mélòó kan, mo fẹ́ wọn ju tuntun tó ń dán tí kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n wúwo, wọn ò dùn ún wò, ṣùgbọ́n torí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Ẹ má ra èyí tí processor Intel rẹ̀ ò bá tó ìran kẹjọ, torí Windows 11 ò gbà á, àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 sì ti dópin ní 14 Oṣù Kẹwàá, 2025. Kí ọmọ ṣí Task Manager níṣojú yín, kó tẹ Performance, kó wo orúkọ GPU àti iye mẹ́mórì rẹ̀. Kó tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt: yóò kọ agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun, yóò kọ èyí tó kù. Bí èyí tó kù ò bá tó ìdajì, kí owó bátìrì tuntun kúrò lórí iye tí wọ́n pè é.

Ìwé ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba iná. Bí irú ẹ̀rọ yìí bá ń fi bátìrì nìkan ṣe render, á dín agbára ara rẹ̀ kù, bátìrì á sì tán kí iṣẹ́ tó parí. Ṣájà láptọ́ọ̀pù kékeré sábà máa ń jẹ́ wáàtì 65. Ti irú èyí lè tó 180 tàbí 230. Ẹ wá ro ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọmọ mẹ́rin dá owó epo sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lálẹ́ tí jury, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, ku ọ̀la. Ọmọ tó mòye á ti ṣe render tirẹ̀ ṣáájú, nígbà tí iná wà, á sì kó ẹ̀dà rẹ̀ sí drive mìíràn.

Ẹ má san owó fún Revit tí wọ́n jí gbé o. Autodesk tó ni ín ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, ó sì ṣeé sọ dọ̀tun bí ọmọ bá ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ní kí ọmọ lọ béèrè orúkọ gbogbo sọ́fítíwia tí ẹ̀ka wọn ń lò, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀rọ náà níṣẹ́ tó wúwo fún ìdajì wákàtí, kí ẹ gbọ́wọ́ lé e, kí ẹ gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń dún. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ráyè ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.