Afẹ́fẹ́ Tí Kò Rọ́nà Jáde

Mọ́tò mi kò kọ ìrìn. Iná rẹ̀ dáa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, ó sì ń gun òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láì mí hẹlẹ. Epo gbígbà ló di ìjà. Bí ọmọ ilé epo bá ki ẹnu pọ́ǹpù bọ̀ ọ́ lọ́fun, tó sì tẹ̀ ẹ́, kò ní í pẹ́ tá a fi máa gbọ́ “kà!”, pọ́ǹpù ti pa ara rẹ̀ nìyẹn. Á tún tẹ̀ ẹ́: “kà!” Bó bá fẹ́ kó máa lọ, àfi kó fọwọ́ dá a dúró ní àárín, kí epo máa ṣẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi sì máa fọn fèrè.

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà mọ ìnira tó wà nínú ìyẹn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì fò kúrò lábẹ́ 200 náírà dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ epo ṣeré mọ́. Ẹni tó bá rówó rà á fẹ́ rà á, kó sì kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dúró máa bẹ táńkì.

Dàda Estate ni mò ń gbé ní Òṣogbo, àdìrẹ sì ni òwò mi. Àwọn oníbàárà mi kan wà ní Iléṣà, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n máa ń dá a ní aṣọ ẹgbẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo di ẹrù wọn sẹ́yìn mọ́tò, mo sì kọ́kọ́ yà sí ilé epo kan láàárín ìgboro kí n tó kọjá sí Iléṣà Gáréèjì. Ọwọ́ tó ń ka epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí pọ́ǹpù tẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

“Màmá, ó dà bíi pé táńkì yín ti kún.”

Mo ní kó wá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó wò ó, ó mi orí. Bàbá kan tó ń dúró de tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wá di ẹ̀yìn mọ́tò mi mú, ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín gbọ̀n ọ́n.” Kí n tó dá a lóhùn, ó ti ń gbọ̀n ọ́n, àdìrẹ mi ń mì nínú bọ́ọ̀tù. Inú rere ló fi ṣe é, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ gbogbo wa lára: bí a bá ra epo, a ó gbọn mọ́tò kí ó lè gba díẹ̀ sí i, torí a kò mọ̀ bóyá ọ̀la yóò ní epo. Lọ́jọ́ náà n kò tíì mọ ohun tí gbígbọ̀n yẹn ń fojú mọ́tò rí. Ọmọbìnrin náà yí ẹnu pọ́ǹpù po nínú ọ̀fun táńkì, ó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, epo sì wọlé díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo san owó ìwọ̀nba tó wọlé.

Nítorí kí n lè mọ̀ bóyá pọ́ǹpù wọn ló ní àrùn, mo tún yà sí ilé epo mìíràn níwájú. “Kà!” kan náà ni. Ìyẹn ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀: bí ilé epo méjì bá ṣe é bákan náà, inú mọ́tò ni kéèyàn lọ wá a sí.

Ọ̀nà Iléṣà kò jìnnà, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ eruku rẹ̀ pọ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá ṣíwájú ẹni níbi tí ọ̀dà ti ṣí, eruku pupa á bo gíláàsì, á bo oko kòkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, títí tí ewé rẹ̀ fi ń pọ́n. Mo ti fèrèsé, mo sì ń rò ó pé ibi gbogbo tí eruku yìí lè wọ̀, ó ń wọ̀ ọ́ ná. Mo dé Iléṣà, mo pín aṣọ fún àwọn tó ni ín. Ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́ ohun tójú mi rí nílé epo, tó ní òun mọ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìwàràjà. Ó ní ẹni tí kì í tú ohun tí kò bàjẹ́ ni.

Àgbàlagbà ni bàbá náà. Ilé iṣẹ́ Machine Tools tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1980 ló ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ irin, ó sì hàn nínú bó ṣe ń fọwọ́ mú nǹkan. Kò gbé sípánà. Ìjókòó ló fún mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ṣé ó máa ń ṣe “fùù” bí mo bá ṣí ìdérí táńkì? Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ṣé iná “check engine” ń tàn? Ó ń tàn. Réwáyà kan ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣogbo, ó rí kóòdù P0446, ó pa iná náà, iná náà sì padà. Ṣé wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n bí mo bá ń ra epo? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí ni.

“Ìyá aládìrẹ,” ó ní, “epo yín kò ní wàhálà. Afẹ́fẹ́ ni kò rọ́nà jáde.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Táńkì tí kò sí epo nínú rẹ̀ kò ṣófo, afẹ́fẹ́ àti oru epo ló kún inú rẹ̀. Bí lítà epo kan bá máa wọlé, lítà afẹ́fẹ́ kan gbọ́dọ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ náà kò bá ríbi gbà, á ti epo padà sókè sínú ọ̀fun táńkì. Ní ẹnu irin pọ́ǹpù, nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Bí epo ṣe ń sáré kọjá nínú pọ́ǹpù, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ihò yẹn wọlé. Bí epo bá ru sókè tó bo ihò náà, kò sí afẹ́fẹ́ láti fà mọ́, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọwọ́ pọ́ǹpù á sún, á tú ohun tó gbé ilẹ̀kùn epo dúró, ilẹ̀kùn á sì pa dé. “Kà!” tí à ń gbọ́ nìyẹn. Pọ́ǹpù kò mọ̀ bóyá táńkì kún tàbí kò kún. Ohun tó mọ̀ kò ju pé epo ti kan òun lẹ́nu.

Mo bi í léèrè ìdí tí Pijó 504 tí ọkọ mi ń wà nígbà kan, àti mọ́tò ìjàpá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣiṣẹ́ tíṣà, kò fi ní irú àìsàn yìí. Ojú rẹ̀ là. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ àwọn mọ́tò àtijọ́, afẹ́fẹ́ táńkì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde sí ìta gbangba, òórùn epo á sì gba gbogbo àdúgbò kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi òfin dí ọ̀nà yẹn nítorí oru epo ń ba afẹ́fẹ́ ìlú wọn jẹ́: Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ ní 1970, gbogbo orílẹ̀-èdè wọn tẹ̀ lé e ní 1971. Wọ́n fi àpótí kan tí èédú kún inú rẹ̀ sí ara mọ́tò, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kánísítà, kí èédú máa mu oru epo náà, kí ẹ́ńjìnnì sì máa fà á jó bí mọ́tò bá ń rìn. Láti ọdún 1998 wọ́n tún fi kún un pé oru tó ń jáde nígbà tí à ń rọ epo gan-an gbọ́dọ̀ gba inú àpótí yẹn kọjá. Wọ́n wá sọ ọ̀fun táńkì di tóóró, kí epo tó ń wọlé lè dí i fúnra rẹ̀, kí oru má gba ẹnu jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá kù fún afẹ́fẹ́: inú àpótí èédú, kó tó bọ́ sí ìta. Bí ọ̀nà kan yẹn bá dí, epo kò ní í wọlé mọ́.

Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni tèmi, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa. Àwa rà á, a gbé e wá sínú eruku pupa, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ní ibì kan tó ń gbà mí.

Kó tó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ránṣẹ́ sí wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì pé kó dá iná dúró, ó ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ó sì dúró kí sàláńsà mọ́tò tutù. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà lọ títí yóò fi pàdé iná. Lẹ́yìn tó fi jáàkì gbé e, ó tún fi igi ńlá tì í. Inú mi dùn sí gbogbo ìyẹn. Mo ti rí mẹkáníìkì tó ń fi ẹnu fa epo, tí sìgá sì wà létí rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀fun táńkì, ó fi igi tín-ín-rín ti ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀. Ó ṣí, ó sì padà. Ó fọwọ́ tọ rọ́bà ńlá tó so ọ̀fun mọ́ táńkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ó ká tàbí ó wú nínú. Kò ká. Ó wá tú rọ́bà tó ti táńkì lọ sínú àpótí èédú, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi àrọ da epo láti inú jẹ́ríkáànì. Epo náà wọlé gbuu, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde lẹ́nu rọ́bà. Ó dá rọ́bà yẹn padà, ó wá tú èyí tó wà lódì kejì àpótí, níbi tí àpótí fúnra rẹ̀ ti ń mí sí ìta. Epo tún wọlé gbuu. Àpótí náà kò dí nìyẹn. Ohun tó dí wà níwájú rẹ̀.

Ó yọ rọ́bà ìmí náà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Eruku pupa ti gan mọ́ inú rẹ̀, ó le koko. Ní ẹnu rẹ̀, agbọ́n, irú èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé, ti mọ ilé tirẹ̀ síbẹ̀ dáadáa. Bàbá fi ìṣó tú amọ̀ náà, aláǹtakùn wẹ́wẹ́ gbígbẹ sì ń bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀, oúnjẹ tí ìyá agbọ́n tò sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Ohun tí kò tó ọmọníka mi ló dí mi lọ́nà káàkiri ilé epo láti ìgbà yìí.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní, “Ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ ká kúkú yọ kánísítà yẹn dànù? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Bàbá bá a wí gidi. Ó ní ẹni tó bá yọ ọ́ ti da oru epo sábẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ ẹni tó ni mọ́tò, ó sì ti sọ epo olówó iyebíye di ohun tó ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Ó dùn mí pé àtúnṣe tó yá jù, kí wọ́n yọ nǹkan dànù, ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa.

Ó tú àpótí náà pàápàá, ó gbé e lọ́wọ́ wò. Ó fúyẹ́. Ó ní bó bá wúwo, á jẹ́ pé èédú inú rẹ̀ ti mu epo yó, títún un rà ló sì kù. Bí ó ṣe máa ń mu epo yó ni èyí tí à ń ṣe nílé epo: pọ́ǹpù ti pa ara rẹ̀, a ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, a gbọn mọ́tò, a tún tẹ̀ ẹ́, títí epo fi kọjá ibi tí oru nìkan ló yẹ kó gbà. Èédú tó wà fún oru kò lè gba epo. Ó gbọ̀n ọ́n létí bóyá èédú ti fọ́ nínú rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ rọ́bà ìmí náà níta, lọ́tọ̀ sí àpótí, torí afẹ́fẹ́ líle lè fọ́ èédú. Ó wá fi àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dé ẹnu rẹ̀ kí agbọ́n má padà, ó sì dorí rẹ̀ kọ ibi tí táyà kò ti ní í máa ta eruku sí i.

Ilé epo tó wà nítòsí la gbé e lọ. Wọ́n tẹ pọ́ǹpù délẹ̀, epo ń wọlé láìdúró, ó sì pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí táńkì kún lóòótọ́. Ọmọkùnrin tó ń tà á na ọwọ́ láti tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ó tó, ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Iná “check engine” tí bàbá pa lọ́jọ́ náà kò tàn mọ́.

Nígbà tí mo padà sí Dàda Estate, mo ròyìn fún aládùúgbò mi kan tí jíìpù rẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀. Ó ti ra pọ́ǹpù epo tuntun sí i, owó ńlá ló sì ná, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù inú táńkì kò mọ nǹkan kan nípa epo tó ń wọlé. Èyí tó ń jáde lọ sí ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mẹkáníìkì tirẹ̀ tẹ̀ lé ètò tí bàbá Iléṣà lò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun. Kò tilẹ̀ dé ibi àpótí èédú. Rọ́bà ńlá tó so ọ̀fun mọ́ táńkì ló ká, níbi tí wọ́n ti tú u nígbà tí wọ́n ń kun ẹ̀yìn jíìpù náà lọ́dà, tí wọn kò sì dá a padà sójú ìlà rẹ̀. Wọ́n tú kílíìpù rẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n dè é padà.

Aládùúgbò mi rọ epo kún táńkì rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì lọ sẹ́nu iṣẹ́.