Ṣé Kí A Gé Irin Inú Ẹ́ńjìnì Nítorí Eré?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Kì í ṣe oríkì àti òwe nìkan la mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàrin wa láti bí oṣù mélòó kan nìyí: bí ènìyàn bá ní mọ́tò eléré tó ń wà kiri ìgboro, ṣé èrè wà nínú kó tú ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí wọ́n fẹ inú sílíńdà, kí wọ́n fá ojú tọ́ọ̀pù, kí wọ́n sì gbòòrò ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà fún wa. Ọ̀kan nínú wa ní Honda Civic onílẹ̀kùn méjì ti ọdún 1998, èyí tí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Ó ti fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun lédè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti tú owó jọ. Ẹ́ńjìnì yìí ló fẹ́ ná an lé. Irin tí a bá sì ti gé, kò ṣeé lẹ̀ padà. Nítorí náà, gbogbo wa jókòó tì í, a ṣe ìṣirò.

Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnì náà. Ìbú ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 75, písítìnì sì ń rin mìlímítà 90 láti ìsàlẹ̀ dókè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,590 cc. Bí wọ́n bá fi ìdajì mìlímítà fẹ ìbú yẹn sí i, á di nǹkan bí 1,612 cc. Ohun tó lé kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńjìnì tó ní agbára ẹṣin 127, bóyá ni yóò fi rí méjì kún un, bí nǹkan mìíràn kò bá yí padà. Písítìnì tuntun mẹ́rin la ó sì rà nítorí méjì yẹn!

Ẹnì kan nínú wa kò gbà. Ó ní ká wo Integra Type R tí Honda tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997. Wọ́n fi ọwọ́ dán ihò afẹ́fẹ́ inú tọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹ́ńjìnì 1,797 cc sì mú agbára ẹṣin 195 jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Honda kò dán ihò nìkan. Wọ́n yí kámúṣáàfù padà, wọ́n yí písítìnì padà, wọ́n sì yan gíà tó bá a mu. Síbẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnì náà bá ń yí ní ìgbà 7,500 láàrin ìṣẹ́jú kan ni ipá ìfà rẹ̀ tó dé góńgó.

Nígbà tí a délé Bàbá mẹkáníìkì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, láti Ṣàngó dé Mọ́kọ́lá, ibo lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀ yẹn?” Ẹ̀rín pa wá. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìbàdàn, ẹ́ńjìnì kì í sábà yí ju ìgbà 3,000 lọ. Bí ihò bá sì ti fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á rọra máa wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá yára, bí omi ṣe ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu họ́òsì tí a kò fìka dí. Mọ́tò á wá máa lọ́ra níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù.

Fífá tọ́ọ̀pù náà ní tirẹ̀. Ó ń jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ há mọ́ra sí i, agbára díẹ̀ á sì jáde. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, tí epo kò sì dára tó, epo á gbiná ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnì á máa dún kan-kan-kan, písítìnì sì lè fọ́.

Ṣé kò wá sí àǹfààní rárá ni? Ó wà. Bí sílíńdà bá ti jẹ tí mọ́tò ń rú èéfín, fífẹ̀ ẹ́ ni yóò dá ipá rẹ̀ padà. Bí ooru bá ti tẹ ojú tọ́ọ̀pù, àfi kí wọ́n fá a. Nígbà tí a bá sì ti tú ẹ́ńjìnì, kí wọ́n wọn písítìnì àti apá rẹ̀ kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, iṣẹ́ gidi ni. Mọ́tò kò ní gbọ̀n púpọ̀. Ẹni tó bá sì ń sá eré ìje ní pápá, tirẹ̀ yàtọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ́ńjìnì bàbá ọ̀rẹ́ wa kò rú èéfín, kò sì jẹ epo. Táyà mẹ́rin, bíréèkì àti ṣọ́kù tuntun ló ra, owó sì ṣẹ́ kù. Nígbà tó gbé wa gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo kọ́nà ni mọ́tò náà ń dì mọ́lẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ Type R wá ṣì ní òun kò gbà. Bàbá mẹkáníìkì ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, kí a gbé e wá.