Abọ́ Kẹrin

"Mọ́mì, kí ló ń mú ògì kan?"

Alẹ́ ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù November ni ọmọ mi obìnrin bi mí bẹ́ẹ̀, mò ń po ògì lọ́wọ́. Mo ní ó ti pẹ́ nínú omi ni. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bèèrè. Ó wojú mi: "Ṣebí ẹ ní A1 lẹ gbà nínú báyọ́lọ́jì?"

A1 ni mo gbà lóòótọ́. Mo gbà á nílé ẹ̀kọ́ tí máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí a kò fojú kàn án àfi lọ́sẹ̀ WAEC. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka ìtumọ̀ osmosis fún yín láìṣìwí. Ṣùgbọ́n ògì tí mo ti ń fọwọ́ ara mi sẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, n kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fárígá pé ọmọ yìí kò ní ṣe TY, ìyẹn Transition Year, ọdún kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín, àmọ́ ó padà ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò ṣe é. Bó ṣe parí ìdánwò Junior Cert ló bọ́ sí ọdún karùn-ún. Odindi ọdún kan láìsí ìdánwò! Wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń se kéèkì. A kò wọ bàlúù wá sí Dublin nítorí kéèkì. Richard Burke, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ireland, ló dá TY sílẹ̀ lọ́dún 1974 kí àwọn ọmọ lè sinmi díẹ̀ nínú eré àsápajúdé. Láti 1994 ló sì ti tàn ká. "Sinmi" yẹn ló ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ ọmọ mi?

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ àbúrò mi wà l'Abẹ́òkúta, oṣù kan náà la bí àwọn méjèèjì. Ìyẹn ti wà ní SS3, ó ń múra WAEC. Tèmi ṣì ní ọdún méjì gbáko lẹ́yìn TY kó tó rí ìdánwò àṣekágbá Leaving Cert. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lóru: bí ASUU kò bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn á ti wà ní 300 level kí tèmi tó wọ yunifásítì. Á ti ṣe àgùnbánirọ̀, á ti gbéyàwó, á ti bímọ, tèmi á ṣì máa gbé báàgì kọ́rùn. Níbi ìsìnkú kan ní Tallaght, ìyá kan bi mí pé kíláàsì wo lọmọ mi wà. Mo ní ọdún kẹrin, mo sì yára lọ bu omi mu.

Bẹ́ẹ̀ rèé, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ní TY ti ní kí oníkálukú mú ìbéèrè kan wá láti ilé; ti ògì yẹn ni ọmọ mi mú. Ìjọba kò fún wọn ní sílábọ́ọ̀sì fún ọdún yẹn; ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀. A lọ ra àgbàdo ní Moore Street. Ọmọ mi rẹ ẹ́ sínú abọ́ mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ọ̀kan létí fèrèsé, ọ̀kan nínú fíríìjì. Wọ́n yá a ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn pH. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń tì í bọ inú abọ́. Ilé wa rùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ti ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Ti fèrèsé ṣì ń fà nílẹ̀. Ti fíríìjì kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Ó ní bakitéríà ló ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tó ń mú yúgọ́ọ̀tì kan, àti pé òtútù ń mú wọn ṣọ̀lẹ.

Ó pe ìyá mi lórí WhatsApp láti fi àwárí rẹ̀ yangàn. Màmá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Àṣé o kò mọ̀? Ògì kì í tètè kan nígbà ọyẹ́. Omidùn àná la máa ń bù sí i."

Ọmọ náà pariwo. Ó sáré lọ gbé abọ́ kẹrin, ó bu omidùn sí i, ó gbé e sétí fèrèsé tó tutù yẹn. Ó yára kan ju ti àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ lọ dáadáa. Ìyá mi kò kàwé kọjá Modern School. Ẹnu rẹ̀ ni ìdáhùn wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń há osmosis sórí, n kò bi í, torí kò sí nínú WAEC.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín ṣe TY. Ibi tí mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń ṣe é nílé ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n gbowó TY, fíìmù ni wọ́n fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ọjọ́ Friday. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tèmi, tí mo lé kọjá TY, ńkọ́? Ó ṣe gbogbo eksipẹ́rímẹ́ǹtì 28 ti kẹ́mísìrì, ó mọ èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì rí point tó fẹ́ fún yunifásítì. Bóyá mo ṣe é lóore, bóyá mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè sọ. Láti September 2025 sì rèé, ẹni tó bá wọ ọdún karùn-ún ní báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì tàbí físíìsì á ṣe ìwádìí tara rẹ̀, ìdá 40 nínú 100 máàkì ló wà níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti di máàkì, mo mọ̀ wá. A ó wá lẹ́sìn tíṣà tí yóò bá ọmọ ṣe é. Ẹ má bínú.

Lóṣù February, ọmọ mi wá ibi tí yóò ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ṣẹ́ fún TY. Láàbù ló fẹ́. A kọ̀wé síbi mẹ́rin: ọ̀kan ní kò tíì pé 16, àwọn yòókù kò fèsì. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan rí láàbù wọ̀, torí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù irun àǹtí rẹ̀ ní Balbriggan, ó gbálẹ̀, ó fọ kóòmù. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá níhìn-ín ní nọ́ọ̀sì, ó ní apòògùn, ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. A mọ̀ wọ́n dáadáa tí a bá ń pín aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, tí ẹ lè gba ọmọ kan síbi iṣẹ́ yín, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí September tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ọmọ á gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dání.