Èyí Tí Kò Lórúkọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kò tíì lù nígbà tí ìyá mi pè mí láti ọjà Bódìjà, níbi tó ti ń ta èlùbọ́. Kò dúró gba ìkíni mi. "Owó mi dà?" ló kọ́kọ́ sọ.

₦185,000 ló ti kó jọ nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. ₦18,500 ni fóònù rẹ̀ fi hàn án láàárọ̀ yẹn. Obìnrin mẹ́rin mìíràn ti dúró sẹ́nu ìsọ̀ akápò wọn, tiwọn náà ti dín kù bákan náà, ohùn sì ti ń ga. Ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń wo owó yìí, ilé iṣẹ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ló ṣe é. Èmi ni mo sì sọ fún ìyá mi pé kó fọkàn tán an.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà.

Oṣù mẹ́fà ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní ká fi kọ́ṣẹ́ níta. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn ni mo ti ṣe tèmi lọ́dún 2025. Ní Ọjọ́rú yẹn, ọ̀gá mi ní kí n wo gbogbo image tó wà nínú registry wa, kí n kọ wọ́n sílẹ̀, nítorí dọ́là ni a fi ń san owó àyè tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Google. Kí ẹ má ṣe bíi tèmi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi: mo rò pé àwòrán ni, mo sì wá fọ́tò títí ojú fi ń ro mí. Image tí wọ́n ń sọ yìí dà bí ẹrù ìyàwó tó mọ̀ pé òun ò ní yá nǹkan lọ́wọ́ ará ilé ọkọ. Ètò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ tí ètò náà nílò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tó wù kí wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń pè é ní container. Registry ni ilé tí wọ́n ń kó àwọn ẹrù dídì náà pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú mi fi ìwé kan sílẹ̀. Mo tẹ àṣẹ tó wà níbẹ̀, gcloud container images list, kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé kò rí ẹyọ kan. Díẹ̀ ló kù kí n lọ sọ fún ọ̀gá pé ilé ṣófo. Àṣé àṣẹ Container Registry àtijọ́ ni, èyí tí Google ti pa tì ní oṣù Kẹta ọdún náà. Artifact Registry ló gbapò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹrù tiwa wà. Mo tún gbìyànjú docker images, ìyẹn náà kò wúlò, torí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ń kà. Nígbà tó yá ni mo tẹ èyí tó tọ́:

gcloud artifacts docker images list

Mo fi àdírẹ́sì registry wa tẹ̀ lé e, mo sì fi --include-tags parí rẹ̀. Ìlà mẹ́tàlélógójì jáde. Ọjọ́ tí wọ́n dá image kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà sì wà, ìyẹn tag. Ohun gígùn kan tún wà tó ń jẹ́ digest: sha256, àmì ìpín, lẹ́yìn náà lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Inú image fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò digest. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kékeré kan padà nínú ẹrù náà, digest mìíràn ni yóò ní.

Tag kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló ń fún image ní tag, ó sì lè ṣí kúrò lára ọ̀kan lọ bọ́ sára òmíràn. Latest ni ó wọ́pọ̀ jù. Bí o bá gbé image jáde láìsọ orúkọ rẹ̀, Docker á fún un ní latest, èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì di aláìlórúkọ. Mo mọ obìnrin kan ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Àbíkẹ́yìn, àbúrò mẹ́ta ló ní.

Mẹ́ta péré nínú mẹ́tàlélógójì náà ló lórúkọ. Ogójì tó kù, mo kà wọ́n sí pàǹtí. Ọ̀gá ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀, kò ní kí n pa nǹkan kan rẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yìn mí. Mo to àṣẹ ìparẹ́ ogójì sínú fáìlì kan, mo sì fi --quiet sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà má baà máa bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ọwọ́ mi ti wà lórí Enter nígbà tí iná lọ, ráútà sì kú. Ó wù mí kí n sọ pé ọgbọ́n ló dá mi dúró. Iná ló lọ. Nígbà tó dé, iṣẹ́ mìíràn ti dé bá mi.

Ohun tí n kò mọ̀ rèé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ̀dá tó ń kọ ètò wa ti gbé image tuntun jáde, latest sì ti ṣí lọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbé e sí registry kò yí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ padà. Èyí àtijọ́, tó ti di aláìlórúkọ, ló ṣì ń dá àwọn ìyá ọjà lóhùn ní gbogbo Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ tuntun, ó pa fóònù rẹ̀, ó gba ibi ìnáwó lọ. Tuntun yìí ló ń gé òdo ìkẹyìn kúrò lára owó. Ẹ̀rọ tí a háyà náà kò ní àyè púpọ̀, nítorí náà a ti ṣètò kó máa nu image àtijọ́ dànù bó bá ti gba tuntun. Registry nìkan ló kù tí a ti lè rí èyí tó dára.

Ọ̀gá wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.

"Kí lo rí? Ka ọjọ́ wọn sí mi létí."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà, òun ni latest. Ọ̀kan wà ní ọjọ́ Ajé, kò lórúkọ."

"Òun ni! Fún un lórúkọ kó má baà sọnù, kí o wá ní kí ẹ̀rọ gbé e padà."

"Orúkọ wo, sà?"

Fóònù ti já. Mo lo gcloud artifacts docker tags add, mo fi digest tọ́ka sí i, mo sì tẹ ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rọ gbé e. Mo pe ìyá mi, mo ní kó tún fóònù rẹ̀ ṣí.

"Ó ti padà," ló wí, lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀. "Níbo ló lọ?"

Mo ní kò lọ síbì kankan, pé ìwé owó wà bó ṣe wà, ẹni tó ń kà á síta ló ń ṣì í kà. Kò dá a lójú. Ó ní òun yóò kọ tòun sínú ìwé láti ìsinsìnyí lọ, ó sì ń kọ ọ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ Ajé, mo fi fáìlì ogójì náà han ọ̀gá. Image ọjọ́ Ajé yẹn wà níbẹ̀, ìlà keje. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló dé tí o kò tẹ̀ ẹ́?"

"Iná ló lọ, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó, kí n kọ́kọ́ wá ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo ń parí oṣù mẹ́fà mi, mo tún tẹ àṣẹ náà, mo sì rí i nínú òpó TAGS láàárín àwọn nọ́ńbà: elubo.