Owó Tí A Yọ Lára Fèrèsé

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje ọdún 2024, òjò ńlá kan rọ̀ ní Àgbádárìgì, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì sì jí bá omi lórí ibùsùn rẹ̀. Òrùlé kò jò. Ojú fèrèsé ni omi gbà wọlé. Ajárá ni ilé náà wà, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ dé, fèrèsé ọ̀hún kò sì tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Nígbà tí ìyá náà tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí i pé ojú irin ìsàlẹ̀ tí ewé fèrèsé ń yí lórí rẹ̀ ti kún bí ọpọ́n, omi sì ń ṣàn kọjá etí rẹ̀ bọ̀ sínú yàrá. Ó fi aṣọ ìnura méjì dí i, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Fèrèsé mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé náà. Lúfà ni gbogbo wọn nígbà tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé ọ̀hún ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Lúfà kò burú rárá, nítorí pé kò sí fèrèsé tí ń gba atẹ́gùn wọlé tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, ìyọ̀ inú afẹ́fẹ́ jẹ àwọn irin tó di gíláàsì mú, ewé lúfà kò pàdé mọ́, ẹ̀fọn àti òjò sì di àlejò ojoojúmọ́. Ní ọdún 2022, nígbà tí díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù kí ó bá òun fi èyí tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì rọ́pò wọn. Ọmọkùnrin náà pè é ní ₦300,000. Ìyá náà mọ ọjà ná. Ó ná an títí tó fi bọ́ sí ₦225,000, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò.

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ náà, ó ké sí ọmọkùnrin yìí. Kò sá, ó wá. Ó wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀, ó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo sọ fún yín nígbà náà pé owó yẹn kò lè gbé iṣẹ́ yìí. Iye tí ẹ mú wá ni mo fi ṣe é.” Inú bí ìyá náà gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú rọlẹ̀, ó rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ ni ọmọkùnrin náà sọ pé owó kò tó. Ohun tí kò sọ ni ibi tí yóò ti yọ ₦75,000 tó dín náà. Ìyá náà kò sì bi í.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìnájà jẹ́ àṣà wa, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí Yorùbá má ná ọjà mọ́. Bí a bá ń ná iṣu, iṣu kò ní kéré sí i nítorí pé a dín owó rẹ̀ kù. Ojú wa ni wọ́n ti gbé e sínú agbọ̀n. Fèrèsé kò rí bẹ́ẹ̀. A ná an tán kí wọ́n tó ṣe é. Owó tí a bá fipá yọ lójú wa, oníṣẹ́ lè padà lọ yọ ọ́ níbi tí ojú wa kò tó.

Àwọn ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú ilé yìí kò ṣòro láti rí nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tú fèrèsé kan sílẹ̀. Èkíní, fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì fi gé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ògiri ilé àtijọ́ kì í dọ́gba. Àyè tó ṣẹ́ kù létí àwọn yòókù, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí i. Sìmẹ́ǹtì a máa sán, omi a sì rí ọ̀nà gbà. Èkejì, ọ̀pá alumíníọ̀mù náà fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, a tẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn kò lu ihò sí ìdí ojú irin ìsàlẹ̀ níhà ìta, èyí tí omi òjò ìbá máa gbà jáde. Ẹ̀kẹrin, wọn kò fi sílíkọ̀nì yí etí fúrémù ká. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ṣíkúrù: irin lásán ni wọ́n, wọ́n sì ti dípẹtà tán, tó fi jẹ́ pé àlàpà pupa ń ṣàn láti ojú wọn wá sára ògiri.

Kì í ṣe òní ni àwọn ará Àgbádárìgì ti ń bá afẹ́fẹ́ òkun jà. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845, ṣì dúró létí ọ̀sà nínú ìlú náà. Fèrèsé onígi ló wà lára rẹ̀. Igi a máa rà, ikán a sì máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyọ̀ kì í jẹ igi bí ó ti ń jẹ irin. Fèrèsé òde òní yàtọ̀. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ lè fara da ọ̀rinrin, pàápàá bí ọ̀dà tí wọ́n yan mọ́ ọn lára bá nípọn, ṣùgbọ́n àwọn irin kéékèèké tó di í mú ni ìyọ̀ máa ń kọ́kọ́ kọlù. Bí ṣíkúrù bá dípẹtà, ojú ihò tó wà nínú alumíníọ̀mù náà a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Nítorí náà, fèrèsé tí yóò lo ọdún mẹ́wàá ní Ìbàdàn lè má lo mẹ́ta létí òkun, bí ṣíkúrù wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìyá náà pinnu láti tún un ṣe nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. ₦600,000 ló rí kó jọ. Ẹ̀rù bà á nígbà tí ó gbọ́ iye tí nǹkan ti dà, nítorí pé láàárín ọdún méjì náà, ayé ti yí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní iye ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Fèrèsé gbọ́ ìró yìí ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà nílẹ̀ yìí tí ń ṣe ọ̀pá alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìjọba kọ́ sí Ìkọ̀t Abásì láti máa pèsè alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ó sì dáwọ́ dúró ní 1999. Dọ́là ni a fi ń ra púpọ̀ nínú ohun tí a ń lò, títí kan rọ́bà àti àwọn apá irin tí fèrèsé fi ń ṣí. Bí wọ́n bá sì rà á tán ní Orílé, ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti ọdún 2009, ṣì wà níwájú. Ẹni tó bá gbé gíláàsì gba ibẹ̀ mọ ohun tí kòtò ń ṣe.

Oníṣẹ́ mẹ́ta ló pè. Ẹni àkọ́kọ́ wo ilé láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ₦650,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kejì ní ₦900,000, ó sì fẹ́ kí ìyá san ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Ògù láti Àjídò. Ó gbé téèpù jáde, ó wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta ní gígùn àti lẹ́ẹ̀mẹta ní ìbú, ó sì kọ èyí tó kéré jù sílẹ̀. Ó ní fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ló yẹ níhà tí òjò ti ń wá, nítorí pé bí a bá tì í, ewé rẹ̀ a fún mọ́ rọ́bà. Èyí tí wọ́n ń fà kì í fún mọ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. Ó tún wò ó bóyá inú ni irin ààbò wà tàbí ìta, nítorí pé fèrèsé tí ń ṣí síta kò lè ṣí bí irin bá dí i. Inú ló wà, ìyẹn sì gba ìyá náà lọ́wọ́ ìnáwó mìíràn.

₦78,000 ni iye tó pè fún mítà onígun mẹ́rin kan. Fèrèsé mítà kan àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá lóròó àti ní ìbú jẹ́ 1.44; mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ 12.96. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,010,880. Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ṣùgbọ́n ó rántí òru oṣù keje. Ó ní: “Ọmọ mi, kọ ohun tó wà nínú ₦78,000 yẹn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ kò tíì kúrò ní tíṣà, Màmá.” Ó sì kọ ọ́. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó nípọn, ₦36,000. Gíláàsì mílímítà márùn-ún, ₦14,000. Apá irin tí kì í dípẹtà, ọwọ́ àti ìtì, ₦10,000. Rọ́bà, sílíkọ̀nì àti ṣíkúrù, ₦4,000. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ₦3,000. Owó ọkọ̀, ₦3,000. Owó iṣẹ́, ₦8,000. Iye tí wọ́n pè fún obìnrin kan lọ́jọ́ kan nìyí. Kì í ṣe òfin ọjà, ó sì lè ti yàtọ̀ lónìí.

Ìyá náà tẹjú mọ́ ìlà kẹrin. Nínú ₦78,000, ohun tí ń dá òjò dúró gan-an kò ju ₦4,000 lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú ogún. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yọ owó lọ́jọ́sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú kì í tó. Àwọn baba wa ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nínú ilé yìí, ìwọ̀nba owó tó kéré jù ni kò jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn.

Kò ná iye orí mítà mọ́. Iye fèrèsé ló dín kù. Márùn-ún ló dojú kọ ìhà tí òjò ti ń fẹ́ wá láti òkun. Ìyẹn jẹ́ 7.2, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦561,600. Mẹ́rin tó kù yóò dúró, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ náà yóò lu ihò omi sí wọn nídìí, yóò pààrọ̀ ṣíkúrù wọn, yóò sì fi sílíkọ̀nì dí etí wọn. ₦38,400 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ìyẹn àti owó bíríkìlà.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé ẹyin lohùn. Wọ́n kọ bí ọ̀pá yóò ṣe nípọn tó, irú gíláàsì, irú ṣíkúrù, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti bí owó yóò ṣe lọ: ₦336,960 láti ra ọjà, pẹ̀lú rìsíìtì, ₦168,480 nígbà tí fúrémù bá ti dúró sára ògiri, ₦56,160 lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́.

“Bí òjò kò bá wá rọ̀ ńkọ́, Màmá?”

“Ní Àgbádárìgì níbí?” Ṣùgbọ́n ó gbà pé ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ní ọmọ tí ń jẹun. Wọ́n fi kún un pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí òjò, wọn yóò da omi garawa mẹ́ta lu fèrèsé kọ̀ọ̀kan láti ìta, kí owó náà sì jáde lọ́jọ́ náà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìfọkàntánni. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó dára, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti dá ilé-ẹjọ́ gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti ọdún 2018 bákan náà, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò gbé dé ibẹ̀? Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ àti ìyá náà kò ní ìwé kankan láàárín ara wọn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi bá ara wọn jà.

Nígbà tí ọjà dé, ìyá náà mú òòfà kékeré kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń ṣeré, ó fi kan àwọn ṣíkúrù. Irin lásán a máa fà mọ́ òòfà gírígírí. Irin tó dára kì í sábà fà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ìdánwò yìí kò pé, ṣùgbọ́n ó ń fi èyí tó burú jù hàn. Ṣíkúrù méjìlá ló fà mọ́ ọn. Oníṣẹ́ náà kó wọn sọ́wọ́, ó ní àwọn ọlọ́jà ló da irú mọ́ ìgbá fún òun, ó sì lọ pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì.

Òjò padà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, lóru. Ìyá náà dìde, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó lọ yí ilé po. Fèrèsé tuntun márààrún gbẹ. Nínú àwọn àtijọ́ mẹ́rin, mẹ́ta gbẹ. Ọ̀kan ní ilé ìdáná ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé abọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ₦56,160 ránṣẹ́ kí ọmọkùnrin náà tó pè é.

Ìwé náà wà nínú dúróò rẹ̀ títí di òní, nítorí fèrèsé mẹ́rin tó kù. Nígbà tí owó wọn bá dé, ó dájú pé gbogbo iye tó wà lára rẹ̀ yóò ti yí padà. Àwọn ìlà méje náà ni yóò tún kà fún oníṣẹ́ yòówù tó bá wọlé. Bí ó bá sì fẹ́ kí owó dín, yóò tọ́ka sí ìlà tí yóò ti dín.