Ẹ Jẹ́ Kí A Lọ Wo Èkó

 Bí a bá bi àwa ará Ọgbà léèrè ibi tí à ń gbé, Èkó ni a ó wí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ Èkó gan-an, ìyẹn erékùṣù tí omi yí ká, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà? Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ nínú wa, ọjà ni ó lọ rà ní Ìdúmọ̀tà, tàbí ìwé ni ó lọ gbà ní ọ́fíìsì. Bí ó bá ti ṣe tán, ó di inú ọkọ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti rí Mẹ́kà, tí wọn kò tíì wọ inú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó fún ìrìn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, owó rẹ̀ kò sì ga. Ẹ sáà wá ọ̀rẹ́ kan mú dání.

Ọ̀rẹ́ tí èmi mú dání jẹ́ bíríkìlà, ọjọ́ Sátidé ni a sì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ràn ara yín, ẹ má ṣe gba títì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, ti ń kó èrò láti Agbádò dé Òyìngbò. Kò dúró ní Ọgbà. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Agége, tàbí kí ẹ wọ dánfó lọ sí Ìkẹjà. Káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà. Ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lò, nítorí náà kì í ṣe ìgbàkigbà ni ó ń lọ. Ẹ béèrè àkókò rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ẹ ra búrẹ́dì Agége gbígbóná sínú àpò pẹ̀lú. Ẹ ó rí iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Nígbà tí a dé Òyìngbò, a wọ dánfó gba orí afárá Carter lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn: Gilbert Carter ni gómìnà Èkó láti 1891 títí di 1897. A ó tún bá a pàdé.

Ní òpópónà Nnamdi Azikiwe ni Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ Èkó wà, pẹ̀lú àwọn ilé ìpèrun gíga rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Ó tóbi, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi kúrò níbẹ̀, nítorí ti òpópónà Martins ni ó wà lọ́kàn wa.

Mohammed Shitta tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí yìí, Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1824, ní ìlú Waterloo, nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú ti gbé kúrò nílé. Bàbá rẹ̀ kó wọn padà wá sí Àgbádárìgì, òun fúnra rẹ̀ sì wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Òwò tí ó ṣe ní odò Ọya ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí owó dé, ilé Ọlọ́run ni ó fi kọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù, ni ó ṣojú Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, ẹni tí ó fi Shitta jẹ oyè Bey. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1895, ni ọlọ́lá náà jáde láyé. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ilé náà ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Agùdà tí wọ́n ti Bràsílì dé. Ìdí nìyí tí ojú ilé náà fi jọ ti àwọn ilé Pópó Agùdà. A ṣe àlùwàlá, a kí ìrun Ọ̀sán pẹ̀lú jàmáà. Nígbà tí a jáde, ọ̀rẹ́ mi kò kúrò lójú kan. Ó ń wo ọnà ara ògiri.

“Alájì, ẹ wo ọwọ́ ọkùnrin yìí!”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà kò lè ṣe irú rẹ̀ ni?”

Ó mirí. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, bíláọ̀kù ni wọ́n kọ́ òun láti tò, àti bí a ti ń rẹ́ ògiri kí ó dán. Kò sí ẹni tí ó fi irú èyí han òun. Bí ọ̀kan bá já bọ́ lọ́la ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Èmi kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i títí di òní.

Láti ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé gbàgede Tinúbú. Ilé Ilọ́jọ̀ Bar tí mo fẹ́ fi hàn yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, Agùdà pẹ̀lú, kọ́ ọ. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó nítorí ìtàn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katakata wó o palẹ̀. Ọjọ́ Àráfà ni, Iléyá ku ọ̀la. Olúkúlùkù ń fa àgbò rẹ̀ kiri. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà ti wà nínú irú ìwé ìjọba kan náà láti 2013. Ní tèmi o, kì í ṣe ìwé náà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn tí ń wọ ibẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ta ni yóò gbé katakata wá síbẹ̀ tí wọn kò ní pariwo?

Ebi ti ń pa wá. A ra ẹ̀wà àgànyìn lọ́wọ́ obìnrin kan, a sì mú búrẹ́dì wa jáde. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn èyí a lọ sí Freedom Park ní Broad Street. Ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, láti ayé àwọn Òyìnbó. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Herbert Macaulay sí. Ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀wọ̀n náà ṣì yí i ká, àwọn ọmọdé sì ń sáré níbi tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń ka ọjọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ, ibí yìí ni kí ẹ kó wọn wá.

A kí Alásárì, a sì tètè padà sí Òyìngbò kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ má bàa fi wá sílẹ̀. Bí a ti jókòó, ọ̀rẹ́ mi tọrọ bírò lọ́wọ́ mi. Ó mú rìsíìtì sìmẹ́ńtì kan jáde nínú àpò, ó sì ń ya ọnà ara ògiri Shitta-Bey sí ẹ̀yìn rẹ̀. A kọjá Yábàá, a kọjá Múṣin àti Òṣòdì, kò gbójú sókè. Nígbà tí a dé Ìkẹjà, ó ní kò tíì pé, òun yóò tún lọ wò ó ní Sátidé tí ń bọ̀.